Òṣùwọ̀n àìsàn ọkàn: Ta ni ó ń lò ó nínú àwọn oníṣègùn?

Inú ọmọ ènìyàn jìn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ru, ẹ̀rọ wà tí dókítà ń so mọ́ apá aláìsàn. Bí ara bá gbóná, tẹmómítà yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí a lè so mọ́ ọkàn tí ó ti rẹ̀wẹ̀sì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ṣe ìwé ìbéèrè tí ó ní máàkì, kí wọ́n lè fi mọ bí àìsàn náà ti le tó, àti bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn ni kì í lò ó.

Irú òṣùwọ̀n tí ó wà

Ní ọdún 1960 ni Max Hamilton gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà ni ó ń fún aláìsàn ní máàkì nínú èyí. Ní 1961, Aaron Beck ní Amẹ́ríkà gbé ti ìbéèrè 21 jáde. Èyí tí a mọ̀ jù lónìí ni PHQ-9, tí wọ́n tẹ ìwádìí lórí rẹ̀ jáde ní 2001. Ìbéèrè 9 ni ó ní, lórí bí nǹkan ti rí fún aláìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: oorun, oúnjẹ, agbára, ìfẹ́ sí iṣẹ́. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3. Àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Bí ó bá ti dé 10, ó yẹ kí dókítà wádìí síwájú. Ìbéèrè kẹsàn-án ń wádìí bóyá aláìsàn ń ronú pé ikú sàn fún òun, tàbí pé kí òun ṣe ara òun ní jàǹbá. Bí ìdáhùn rẹ̀ kì í bá ṣe 0, a kò gbọdọ̀ fojú fò ó, bí àpapọ̀ máàkì tilẹ̀ kéré.

Wọ́n ti dán PHQ-9 wò ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ìwádìí tí ó jáde ní 2006 lò ó fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512, ó sì rí i pé ó ṣe é gbára lé láàárín wọn.

Bí a ṣe ń wọn àwọn oníṣègùn fúnra wọn

Ní 2010, Amanda Jensen-Doss àti Kristin Hawley ṣe ìwé ìbéèrè fún àwọn oníṣègùn ọkàn àwọn ọmọdé 1,442 ní Amẹ́ríkà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n wádìí: ṣé òṣùwọ̀n ní àǹfààní ju ojú inú oníṣègùn lọ, ṣé ó ṣe é fọkàn tán, ṣé ó rọrùn láti lò lẹ́nu iṣẹ́? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó fi hàn jù lọ ẹni tí yóò lò ó àti ẹni tí kò ní lò ó. Nínú ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2018, ìdá 13.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníṣègùn ni ó sọ pé àwọn ń lo òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán. Ìdá 61.5 sọ pé àwọn kì í lò ó rárá.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ìwádìí kan tí Michael Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005 fi ewu náà hàn. Wọ́n ní kí àwọn oníṣègùn sọ èwo nínú àwọn aláìsàn 550 ni àìsàn rẹ̀ yóò burú sí i. Mẹ́ta péré ni wọ́n dárúkọ. Nígbà tí ìtọ́jú parí, 40 ni àìsàn wọn burú sí i, ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́ta náà ni ó sì wà lára wọn. Ọgbọ́n kọ́ ni àwọn oníṣègùn náà kò ní. Ìrètí pé aláìsàn yóò sàn ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́

Àkókò kò tó, èrò sì pọ̀ ní ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé àwọn ọ̀gá yóò fi máàkì aláìsàn díwọ̀n iṣẹ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Bí a bá bi àgbàlagbà Yorùbá pé, "Báwo ni ara, Bàbá?", "A dúpẹ́" ni yóò kọ́kọ́ sọ, bí oorun kò tilẹ̀ kan ojú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹlòmíràn kò ní pe ohun tí ó ń ṣe é ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Orí gbígbóná tàbí ara ríro ni yóò sọ. Nítorí náà, títúmọ̀ ìbéèrè nìkan kò tó. A ní láti dán an wò láàárín àwọn tí wọn yóò dáhùn rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣègùn, máàkì nìkan kò sì tó láti pe ẹnikẹ́ni ní aláìsàn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń béèrè ohun tí ojú lè fò dá. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ni í rí ìfun inú eèrà.