Ṣíṣètò Ẹ̀kọ́ Tí Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́ Yóò Kópa Nínú Rẹ̀

Ètò ẹ̀kọ́ ni àkọsílẹ̀ tí olùkọ́ máa ń ṣe kí ó tó wọ kíláàsì. Orí-ọ̀rọ̀, èròǹgbà, ohun èlò, ìgbésẹ̀ ìkọ́ni àti ìgbéléwọ̀n ni ó máa ń wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ni a máa ń kọ sílẹ̀: "Olùkọ́ yóò ṣàlàyé." Ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn lè bá àwọn yòókù dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" títí aago yóò fi lù, kí ohunkóhun má sì yé e. Ọjọ́ ìdánwò ni àṣírí máa ń tú. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ: ẹ̀kọ́ ìdá nínú Ìṣirò (40 ìṣẹ́jú)

1. Ìṣẹ́jú 5: Olùkọ́ yóò béèrè èyí tí ó tóbi jù nínú 1/4 àti 1/8. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Àwọn kan yóò mú 1/8, nítorí pé 8 ju 4 lọ.

2. Ìṣẹ́jú 15: Ní méjì-méjì, wọn yóò ká bébà méjì tí ó dọ́gba, ọ̀kan sí ọ̀nà 4, èkejì sí ọ̀nà 8. Wọn yóò gé ìpín kan láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì gbé e léra. Bébà ìwé àlòkù tó fún iṣẹ́ yìí.

3. Ìṣẹ́jú 10: Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ṣàlàyé ohun tí ó rí fún ẹnì kejì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ yóò wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ìpín bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i.

4. Ìṣẹ́jú 10: Oníkálùkù yóò dá ìbéèrè mẹ́ta ṣe. Níbi tí wọ́n bá ti ṣì í ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Bí èrò bá pọ̀ ní kíláàsì

Iṣẹ́ méjì-méjì kò gba pé kí a tún bẹ́ǹṣì tò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 60, 30 ni yóò máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dípò ẹyọ kan. Ariwo yóò wà, ṣùgbọ́n ariwo iṣẹ́ ni. Kí olùkọ́ ti bá wọn ṣe àdéhùn àmì kan, bí àpẹẹrẹ àtẹ́wọ́ mẹ́ta, tí gbogbo wọn yóò fi dákẹ́.

Èdè tí ọmọ gbọ́

Ọmọ kò lè ṣàlàyé ohun tí kò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí í ṣe Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Èdè Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìṣirò àti Sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ipa òbí

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dé láti ilé ẹ̀kọ́, ẹ bi í pé: "Kí ni o ṣe ní kíláàsì lónìí?" Bí ìdáhùn rẹ̀ lójoojúmọ́ bá jẹ́ pé àwọn kàn da nǹkan kọ láti ojú pátákó, ẹ lọ fi pẹ̀lẹ́tù bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.