Àwọ̀ Lára Aṣọ Ọmọ Ogun: Láti Orí Ìgbàjá Pupa Dé Orí Aṣọ Ọrùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí á tó kí ènìyàn. Bí òwe yìí ti rí láàárín ará ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín àwọn ọmọ ogun, àfi pé tiwọn tún le ju ti ará ìlú lọ. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ bárékè Chindit tàbí ti Basawa kọjá ní Zaria yóò ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀wù àti ṣòkòtò àwọn ọmọ ogun tilẹ̀ jọra, fìlà ọ̀kan lè jẹ́ àwọ̀ ewé, kí ti èkejì sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè kà á sí ọ̀ṣọ́ lásán. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sínú àwọ̀ wọ̀nyí kò kéré, ìtàn rẹ̀ sì kan Nàìjíríà gan-an.

Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ni àwọ̀ máa ń sọ lára ọmọ ogun. Èkínní ń sọ ibi tí ó ti wá. Èkejì ń sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí a bá tọ ipasẹ̀ àwọn méjèèjì láti ìgbà àwọn baba ńlá wa títí dé àkókò yìí, a ó rí i pé èyí tí ń sọ iṣẹ́ ni ó ti so ènìyàn pọ̀, àti pé èyí tí ń sọ ibi tí a ti wá a máa so àwọn kan pọ̀, a sì máa ya àwọn mìíràn nípá.

Ní Ilẹ̀ Yorùbá Àtijọ́

Kì í ṣe Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ Yorùbá ní àmì ológun. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn Ẹ̀ṣọ́ jẹ́ àádọ́rin, gbogbo ìlú ni ó sì mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá jẹ oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò a máa dé fìlà tí a fi ìyẹ́ pupa ìdí odídẹrẹ́ ṣe, a máa ró awọ ẹkùn mọ́dìí, awọ ẹkùn náà ni ó sì máa ń jókòó lé. Bí ọ̀tá bá rí pupa náà lókèèrè, ó ti mọ irú ẹni tí ń bọ̀. Bákan náà ni àwọn ìlàrí ọba. Apá kan orí wọn ni a máa ń fá, tí a ó sì dá apá kejì sí. Kò sí ẹni tí yóò rí orí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tí yóò bèèrè ẹni tí ó rán an níṣẹ́.

Ó yẹ kí á kíyè sí i pé iṣẹ́ àti ipò ni àwọn àmì wọ̀nyí ń sọ. Oyè ni ó ń fún ènìyàn ní ìyẹ́ pupa, kì í ṣe àdúgbò tí a bí i sí.

Àwọn Ọmọ Ogun Lugard

Ní ọdún 1897 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti dá ẹgbẹ́ ogun kan sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé àwọn Faransé ti ń sún mọ́ ilẹ̀ Bàrùbá àti Odò Ọya. Frederick Lugard ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. West African Frontier Force ni orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn. Lọ́kọ́ja àti Jẹ́bà wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ẹgbẹ́ ogun yìí ni ó wọ Zaria ní 1902. Láti Zaria náà ni wọ́n ti gbéra ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1903, tí wọ́n fi gba Kánò ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì.

Bí ọjọ́ ayẹyẹ bá dé, aṣọ àwọn ọmọ ogun náà a máa fa ojú mọ́ra. Wọn a dé fìlà pupa tí kò ní etí. Wọn a wọ ẹ̀wù pupa kúkúrú tí a fi okùn ọ̀ṣọ́ aláwọ̀ ìyeyè ṣe ní etí, wọn a sì di ìgbàjá pupa mọ́ ìbàdí lórí ṣòkòtò kákí péńpé. Irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti Áfíríkà ìhà ibí. Ara àwọn ọmọ ogun Faransé ní Àlìjíríà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 1830. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wọ ọmọ ogun wọn láti erékùṣù West Indies ní nǹkan bí 1858, kí wọ́n tó wá fi wọ àwọn ọmọ Áfíríkà.

Lára aṣọ yìí ni a ti rí oríṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì tí a dárúkọ lókè. Àwọn tí ń yin àgbá a máa wọ ẹ̀wù aláwọ̀ aró tí okùn rẹ̀ jẹ́ ìyeyè. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ń la ọ̀nà tí wọ́n sì ń ṣe afárá, a máa wọ pupa tí okùn rẹ̀ jẹ́ aró. Àmì iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n okùn tí ó yí fìlà ká ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Pupa ni ti Gúsù Nàìjíríà, àwọ̀ ewé ni ti Àríwá. Aró fẹ́ẹ́rẹ́ ni ti Sierra Leone, aró dúdú ni ti Gambia, ìyeyè sì ni ti Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn ọ̀gá wọn tí í ṣe Òyìnbó pàápàá a máa fi ìyẹ́ tí ó ní àwọ̀ wọ̀nyí sí fìlà oòrùn tí wọ́n ń dé.

Ẹ jẹ́ kí á wo èyí dáadáa. Ọmọ ogun kan láti Zaria àti èkejì láti Ìbàdàn lè máa yin irú ìbọn kan náà, kí wọ́n máa gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀gá tí ó ti ilẹ̀ kan náà wá. Síbẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lára fìlà wọn ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé ọ̀tọ̀ ni Àríwá, ọ̀tọ̀ ni Gúsù. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n yan àwọ̀ náà. Ẹni tí ó pín ilẹ̀ ni ó pín okùn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1914, nígbà tí Lugard so Àríwá àti Gúsù pọ̀, a so àwọn ẹgbẹ́ ogun méjèèjì náà pọ̀ di ẹyọ kan. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sí ìdí mọ́ tí ó fi yẹ kí àwọ̀ fìlà ya ọmọ Nàìjíríà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì nítorí ìlú rẹ̀.

Ìdí Tí Àwọ̀ Fi Di Aṣọ Kékeré

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ó dé tí àwọn ológun kò fi wọ aṣọ aláwọ̀ láti òkè délẹ̀ mọ́. Ìbọn ni ó fà á. Nígbà tí ìbọn kò lè rìn jìnnà, tí èéfín sì máa ń bo ojú ogun, ẹ̀wù pupa ń ran ọ̀gágun lọ́wọ́ láti mọ ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà. Nígbà tí ìbọn tí ń rìn jìnnà dé, ẹ̀wù pupa di ohun tí ọ̀tá ń fojú sùn. Nígbà náà ni kákí gba ipò rẹ̀. Láti èdè àwọn ará Íńdíà ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju aláwọ̀ eruku lọ. Àwọ̀ wá sá sí orí fìlà, sí èjìká, àti sí ọrùn.

Aṣọ ọrùn ní ìtàn tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1630 sí 1640, àwọn ọmọ ogun kan láti ilẹ̀ Croatia ń jà fún ọba Faransé. Wọ́n a máa ta aṣọ kan ní kókó mọ́ ọrùn. Àwọn Faransé fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ará Croatia pe aṣọ náà. Láti ara rẹ̀ ni táì tí àwọn olùkọ́ ń so lónìí ti ṣẹ̀ wá.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a sọ aṣọ ọrùn di àmì iṣẹ́ pátápátá. Àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ jà ń lo aró fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn tí ń yin àgbá ń lo pupa, àwọn oníṣègùn ń lo àwọ̀ ẹlẹ́pa, àwọn tí ń fi wáyà àti rédíò ránṣẹ́ sì ń lo àwọ̀ ọsàn. Àwọ̀ ìyeyè ni ti àwọn ẹlẹ́ṣin láti ọdún 1855. Nígbà tí ẹṣin kúrò lójú ogun, tí ọkọ̀ onírin rọ́pò rẹ̀, àwọn tí ń wa ọkọ̀ náà jogún ìyeyè. Ẹṣin ti lọ, àwọ̀ rẹ̀ kò lọ.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè fi ọkàn sí. Ní Amẹ́ríkà, àwọ̀ ewé ni àmì ọlọ́pàá ológun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Nàìjíríà, pupa ni fìlà ọlọ́pàá ológun, àwọ̀ ewé sì ni ti àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ jà ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ kan náà, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí fi hàn pé àwọ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kò ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀. Àdéhùn àwọn tí ń lò ó ni ó fún un ní ìtumọ̀. Ohun tí àdéhùn bá sì ṣe, àdéhùn lè tún un ṣe.

Zaria àti Ogun Bọ́ma

Nígbà ogun àgbáyé kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà lọ sí Bọ́ma láti bá àwọn ará Japan jà. Àmì tí a rán mọ́ èjìká wọn kò sọ̀rọ̀ ìlú kankan. Alántakùn ni àmì ìpín kọkànlélọ́gọ́rin, nítorí ọgbọ́n rẹ̀ nínú àlọ́ àwọn ará Gánà, gẹ́gẹ́ bí ìjàpá ti jẹ́ nínú àlọ́ Yorùbá. Ọ̀kọ̀ méjì tí ó gba inú òṣùká kọjá ni ti ìpín kejìlélọ́gọ́rin, nítorí pé orí ni a fi ń ru ẹrù ogun nínú igbó náà. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kan wà lára ẹgbẹ́ Orde Wingate tí ó wọ ẹ̀yìn ọ̀tá lọ. Chindit ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, láti ara orúkọ kìnnìún alámọ̀ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì ní Bọ́ma. Orúkọ yẹn ni bárékè Zaria ń jẹ́ títí di òní.

Zaria náà ni a ti dá ilé ẹ̀kọ́ ológun àwọn ọmọdékùnrin sílẹ̀ ní 1954, ibẹ̀ náà sì ni Dépò tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ Tiv, ọmọ Ìgbò, ọmọ Yorùbá, ọmọ Haúsá, gbogbo wọn ni ó ti jí lórí ilẹ̀ kan náà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí wọ́n wọ kákí kan náà. Èdè wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n fìlà wọn dọ́gba.

Nígbà Tí Àmì Ya Ilé

Èyí ni ó mú kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti oṣù keje ọdún 1967 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 dunni púpọ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn tí ó ti jọ gba ẹ̀kọ́ ogun pọ̀ dojú ìbọn kọ ara wọn. Kákí wọn jọra, àṣẹ tí a fi kọ́ wọn jọra. Ní ìhà Biafra, àmì ìlàjì oòrùn aláwọ̀ ìyeyè lára apá ẹ̀wù ni ó ń sọ ìhà tí ọmọ ogun wà. Aṣọ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ di ohun tí ó lè mú kí á dá ènìyàn sí tàbí kí á yin ín níbọn. Àmì ibi tí a ti wá tún ti padà dé, ó sì ti mú ikú lọ́wọ́.

Ìkádìí

Kò sí ẹgbẹ́ tí kì í ní àmì. Yorùbá ń dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àwọn ilé ìwé ń pín ọmọ sí ilé pupa, ilé aró àti ilé àwọ̀ ewé fún eré ìje. Kò sí ibi nínú èyí. Ohun tí ìtàn àwọn ọmọ ogun kọ́ni ni pé kí á mọ ohun tí a fi ń pín àwọ̀. Bí olùkọ́ bá kó àwọn ọmọ ìlú kan náà sínú ilé kan, okùn ara fìlà ayé Lugard ni ó ń ta sí wọn lórí. Bí ó bá pò wọ́n pọ̀, tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ àti eré tí wọ́n jọ ń ṣe ni àwọ̀ wọn ń sọ, ó ti fún wọn ní ìdílé tuntun láìgba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí ń múra láti di olùkọ́ ní Zaria, níbi tí onírúurú èdè ti pàdé, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ.