Ẹ̀yìn Lọ́rì: Ìtàn Dífíréńṣíà àti Àwọn Tó Ń Tò Ó

Ní abala ìtàn wa lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti jókòó lé lórí láìmọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ bọ̀lẹ̀kájà rí láti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, lórí irin roboto kan tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn ló jókòó lé. Dífíréńṣíà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é.

Bí ọkọ̀ bá yà ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà òde máa rìn gùn ju ti inú lọ. Bí irin kan ṣoṣo bá de méjèèjì pọ̀, ọ̀kan yóò máa wọ́ nílẹ̀, táyà yóò tètè jẹ, irin náà sì lè kán. Dífíréńṣíà ló ń jẹ́ kí kálukú yí bó ṣe yẹ kí ó yí, síbẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì máa ti àwọn méjèèjì.

Oníṣẹ́ aago kan ní ilẹ̀ Faransé, Onésiphore Pecqueur, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní nǹkan bí 1827, fún ọkọ̀ tí ooru omi ń wà. Ẹ̀yin ará wa ní Coventry ni èyí tó tẹ̀ lé e kàn. Níbẹ̀ ni James Starley ti fi irú jíà bẹ́ẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní 1877. Wọ́n ní òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́. Agbára ọmọ ju ti baba lọ, ni kẹ̀kẹ́ bá yà bàrá, ó dà wọ́n sínú èsìsì. Bóyá wọ́n bu iyọ̀ díẹ̀ sí ìtàn náà, àwa fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Rochester, ní Amẹ́ríkà, William Gleason ṣe ẹ̀rọ tó ń gé eyín irú jíà yìí ní 1874. Kate ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé ọjà náà dé Yúróòpù ní 1893.

Nígbà tí lọ́rì Bedford, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Luton ní 1931, dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn káfíńtà wa kan ilé pákó lé e lórí. Ẹ̀yìn rẹ̀ wá di ti àwọn mẹkáníìkì. Bí ó bá ń hu “wuuu” lójú ọ̀nà, ọ̀gá á ní kí wọ́n tú u.

Píníọ̀n kékeré ló ń yí kíráùn ńlá. Bẹ́árìn píníọ̀n kò gbọdọ̀ mì, kò sì gbọdọ̀ fún débi pé yóò gbóná. Awẹ́ irin pẹlẹbẹ, tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ni wọ́n ń fi kún un tí wọ́n sì ń yọ títí píníọ̀n yóò fi jókòó síbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi nọ́ọ̀tì ńlá méjì, lọ́tùn-ún lósì, sún kíráùn. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín. Fún ọ̀pọ̀ lọ́rì ńlá, ó jẹ́ nǹkan bí 10 sí 20 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì. Wọ́n á wá kun ọ̀dà sí eyín mélòó kan, wọ́n á yí i, wọ́n á wo ojú ibi tó fara kàn. Ojú náà gbọ́dọ̀ wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ eyín, kí ó súnmọ́ etí inú díẹ̀, nítorí pé bí ẹrù bá wọ ọkọ̀, yóò sún sí òde.

Ìbejì ni kíráùn àti píníọ̀n. Wọ́n jọ lọ̀ wọ́n ni, nọ́mbà tó bára mu sì wà lára wọn. Ẹni tó bá ra ọ̀kan ní tọ́kunbọ̀ kó lè dín owó kù ń wá wàhálà. Bí eyín bá kán lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ́ńjìnnì kò ní lè di ọkọ̀ mú mọ́, bẹ́ẹ̀ èrò kún inú rẹ̀.

Orúkọ Pecqueur àti Starley wà nínú ìwé. Ta ló kọ orúkọ àwọn ọ̀gá wa tó ń fi etí mọ àlàfo tó pọ̀ jù, tí ọmọṣẹ́ kọ́ ọ lẹ́nu wọn? Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà: ta ló kọ́ wọn, ọdún wo, irú lọ́rì wo, kí ni wọ́n ń pe irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde.