Ilé Lókè, Ṣọ́ọ̀bù Nísàlẹ̀: Ìgbà Wo Ló Di Ohun Tí À Ń Gbàṣẹ Fún?

Ẹ ki earpiece bọ etí dáadáa, nítorí ìtàn tòní kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yín.

Bí ẹ bá gba títì LASU sí Ìṣẹ́rí, tí ẹ dé Ìgàndò àti Ẹgàn, ẹ wo àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nísàlẹ̀, kẹ́mísì wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe POS wà níbẹ̀. Lókè, aṣọ tí wọ́n sá wà lórí okùn. Ilé ni, ọjà náà ni. Ẹgàn ni Yorùbá ń pe igbó kìjikìji, àmọ́ lónìí, tí ẹ bá rí igbó níbẹ̀, ẹ pè wá.

Kò sẹ́ni tí irú ilé báyìí ń yà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ọ̀tọ̀ ni ilé gbígbé, ọ̀tọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Bí pláànù ìlú bá sọ pé ilé gbígbé ni ilẹ̀ kan wà fún, tí ẹni tó ni ín wá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn, ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Change of use ni gbogbo èèyàn ń pè é ní ọ́fíìsì. Ìbéèrè wa lónìí ni pé: ta ló kọ́kọ́ ya ilé nípá kúrò lára ọjà ní Èkó? Kí ló sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa?

Kí òfin tó dé

Nílùú Yorùbá àtijọ́, ilé àti iṣẹ́ kì í jìnnà síra. Ọjà ọba máa ń wà níwájú ààfin. Alágbẹ̀dẹ ní ilé àrọ tirẹ̀, aláró ní ìkòkò aró nínú agboolé, ìyá àgbà a sì tẹ́ igbá ata síwájú ilé. Nígbà tí àwọn Àgùdà dé láti Brazil sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn náà kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Pópó Àgùdà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé lókè, wọ́n ń ṣòwò nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá gbàwé àṣẹ fún ìyẹn.

Òyìnbó fa ìlà

Ní 1917, ìjọba Lugard ṣe Township Ordinance. Òfin yìí pín ìlú sí ìpele mẹ́ta, Èkó nìkan ló sì wà ní ìpele kìíní. Lára ètò ìgbà náà ni pé kí ibùgbé òyìnbó jìnnà sí ti ọmọ ìbílẹ̀, kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó 440 yáàdì sì wà láàárín wọn. Ìlera ni wọ́n ní àwọn ń wá, àmọ́ àwọ̀ ara ni ìlà náà tẹ̀ lé.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, plague, bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Ìyẹn ló bí àjọ Lagos Executive Development Board, LEDB, ní 1928. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kó tún ìlú ṣe, kó sì wó àdúgbò tó bá há jù.

Ẹ jẹ́ ká yọjú sókè òkun díẹ̀. Ní 1916, New York di ìlú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó pín gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ sí ti ilé gbígbé, ti òwò, àti èyí tí kò ní ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tí òfin náà bá há mọ́ lè gbé ọ̀ràn rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn tó ṣòfin náà mọ̀ pé ìlà kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo ilẹ̀ mu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sùúrùlérè

Láti 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé láàárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà mọ́, ojú ọ̀nà tọ́. Ṣùgbọ́n onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Peter Marris lọ bá àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gbé ìwé jáde ní 1961. Ohun tó rí ni pé àwọn oníṣòwò ti pàdánù àwọn oníbàárà wọn. Ìyá tó ń tajà níwájú ilé l'Ékòó ti wá jìnnà sí ọjà, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè rẹ̀. Wọ́n fún un ní ilé, wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Kí ni àwọn èèyàn wá ṣe? Ẹ lọ wo Sùúrùlérè lónìí. Ilé gbígbé mélòó lẹ ó kà ní Adéníran Ògúnsànyà tí ṣọ́ọ̀bù kò ti wọ̀? Àwọn aráàlú dá ọjà padà sínú ilé, díẹ̀díẹ̀.

Ó wá kan Alímọ̀ṣọ́

Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ni Alímọ̀ṣọ́ wà títí di 27 oṣù Karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ní 1978, òfin Land Use fi ilẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Láàárín 1979 sí 1983, ìjọba Lateef Jákàńdè kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù, Àbẹ̀sàn ní Ìpájà sì wà lára wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó kù, ọwọ́ ọmọ onílẹ̀ làwọn èèyàn ti rà á. Ilé ti dúró kí pláànù tó dé.

Nínú ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ka 1,277,714 èèyàn ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó ka tiwọn, wọ́n rí 2,047,026. Èyí tó wù kí ẹ gbà, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó tó o l'Ékòó.

Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ní 2010, Èkó ṣe òfin tirẹ̀: LASPPPA ló ń fúnni láṣẹ láti kọ́lé, LASBCA ló ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Wọ́n sì ya pláànù fún Alímọ̀ṣọ́, tó ń sọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan wà fún.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní Ẹgàn, ọ́fíìsì LASPPPA ni kó kọ́kọ́ lọ, kó bèèrè ohun tí pláànù sọ nípa ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni ìwé ilẹ̀, survey, àti àwòrán ilé tí ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ fọwọ́ sí. Wọ́n á bi í pé: níbo làwọn oníbàárà máa gbé mọ́tò sí? Níbo ni omi máa gbà? Tí wọ́n bá kọ̀ fún un, òfin fàyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn.

Ṣé wàhálà lásán ni?

Rárá o. Ní 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue wó ní Ìkòtún, kò jìnnà sí Ẹgàn rárá. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Ní 2015, adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ pé àìdára iṣẹ́ ilé náà ló fà á, ó sì ní wọn kò gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá yọ ògiri yàrá kúrò kó lè rí àyè ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ògiri yẹn ló gbé àjà òkè dúró.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà fún ìjọba náà. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ìlú tí títa ọjà níwájú ilé ti jẹ́ àṣà láti ayébáyé, òfin tó bá ka ìyẹn sí ohun àrà ọ̀tọ̀ máa lé ọ̀pọ̀ èèyàn síta òfin. Olówó á wá lọ́yà, á rí àṣẹ gbà. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo á máa retí ọjọ́ tí wọ́n máa fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ilé bẹ́ẹ̀ bá wó, ibi tó ń sùn àti ibi tó ti ń jẹun ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gbígba àṣẹ bá yá, tí owó rẹ̀ ò sì wọ́n fún ilé kékeré, àwọn èèyàn á wá fúnra wọn, ẹnjiníà á sì rí ògiri náà kó tó pẹ́ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé ẹnìkan ńkọ́? Kí ẹ tó fi owó ọdún méjì ránṣẹ́ láti orí fóònù yín, ẹ bi lándílọ́ọ̀dù léèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àṣẹ wà fún ṣọ́ọ̀bù níbí? Ẹ jẹ́ ká rí i." Tí ó bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ibi tí a máa dúró sí nìyí lónìí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́. Ó dìgbà kan ná.