Yàrá Tuntun Lára Ilé Àtijọ́

Agbo ilé Yorùbá kì í parí. Yàrá bíi mélòó kan ni wọn yóò fi yí àgbàlá ká níbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá gbéyàwó, wọn a mọ yàrá mìíràn mọ́ ti baba rẹ̀. Nígbà tí páànù dé, koríko kúrò lórí ilé, ògiri amọ̀ dúró síbẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà kọ́ ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí owó kòkó sì dé, pètẹ́ẹ̀sì irú tiwọn wọ Ìjẹ̀bú-Òde, Iléṣà àti Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ síwájú agbo ilé, tí àgbàlá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ àtijọ́ sì wà lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́ yàrá òde òní mọ́ ilé àtijọ́ kò da àṣà. Àṣà gan-an ló ń tẹ̀ lé. Wíwó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ ni kò bá ti àwọn baba wa mu.

Ẹ wo Ilojo Bar, ilé irú ti àwọn Àgùdà tó wà ní gbàgede Tinúbú ní Èkó tẹ́lẹ̀. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 2016, wọ́n wó o. Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ òfin nìkan kò lè gbé ilé ró. Lérékùṣù Èkó tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú, ilé tí kò bá wúlò fún àwọn tó jogún rẹ̀ wà nínú ewu lójoojúmọ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé tuntun yóò gbé àtijọ́ mì. Ẹ̀rù wọn tọ́. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀, omi kì í rí ọ̀nà jáde, ògiri a sì máa jẹrà láti inú. Bí a bá so ilé búlọ́ọ̀kù mọ́ ọn, bí ọ̀kan ti ń rì sílẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì, ògiri a là. Ṣùgbọ́n àbùkù iṣẹ́ nìyẹn. Kí tuntun ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kí àlàfo wà láàárín wọn, kí omi òrùlé rẹ̀ má ṣàn sára ògiri àgbà. Kò sì gbọdọ̀ díbọ́n bí ohun àtijọ́. Freedom Park ní Èkó jẹ́rìí sí i: ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn òyìnbó kọ́ ní 1882 ni, ó di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ojú ibi tí àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà ṣì hàn nílẹ̀, orí ìtàgé tuntun tí àwọn olórin ti ń kọrin sì wà níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn.