Ẹ̀rí àti Iṣẹ́ Ìyanu: Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Òkè-Ooye

Lórí ẹ̀rí ni iṣẹ́ gbogbo àwa tí a ń kọ ìtàn dúró. Ohun tí ojú wa kò tó, láti ẹnu àwọn àgbà ni a ti ń gbọ́ ọ. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ kan tí David Hume, amòye ará Skọ́tíláǹdì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1748 fi kàn wá gidigidi. Ó ní bí ẹnìkan bá ròyìn iṣẹ́ ìyanu fún wa, kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n: èwo ni ó ṣòro jù láti gbàgbọ́, pé òfin ẹ̀dá tí gbogbo ayé ti ń rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀, tàbí pé ẹlẹ́rìí náà purọ́ tàbí pé a tàn án jẹ? Ó fi kún un pé níwọ̀n bí ẹ̀sìn gbogbo ti ní iṣẹ́ ìyanu tirẹ̀, ẹ̀rí ọ̀kan a máa ba ti èkejì jẹ́. (Àwọn baba wa kì bá gba èyí. Bí wọ́n bá gbọ́ ìròyìn agbára méjì, èwo ni ó ju èkejì lọ ni wọn ìbá béèrè.) William Paley, àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáhùn ní ọdún 1794 pé àwọn ẹlẹ́rìí Kristi jìyà nítorí ẹ̀rí wọn, wọn kò sì yí i padà, ta ni yóò jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí ó mọ̀ pé irọ́ ni?

Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn infulẹ́ńsà dé ilẹ̀ wa, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà. J. B. Ṣadare ni olórí wọn. Sophia Ọdúnlàmì, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́, jẹ́rìí pé Ọlọ́run fi hàn òun pé omi òjò pẹ̀lú ìgbàgbọ́ ni yóò wo aláìsàn sàn. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ẹni tí ó bá wọn jiyàn pé Ọlọ́run kò lè ṣe é. Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ni pé wọ́n kọ òògùn gbogbo, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó, wọ́n sì kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Ní ọdún 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ. Ṣadare fi ipò rẹ̀ nínú Sínódù sílẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn mìíràn.

Bí a bá fi ti Paley wọ̀n wọ́n, wọ́n yege. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ibi tí ọ̀rọ̀ Paley mọ. Ìyà tí ẹlẹ́rìí jẹ fi hàn pé kò purọ́; kò fi hàn pé kò ṣì í rí.

Ní oṣù keje ọdún 1930, ogunlọ́gọ̀ rọ́ wọ Òkè-Ooye ní Iléṣà sọ́dọ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ọkọ̀ katakata tí ń tẹ ọ̀nà kí a tó pè é ní 1928. Wọ́n ròyìn ìwòsàn púpọ̀, àní àjíǹde ọmọ kan. Hume ìbá sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọkàn wọn ti gbóná kò tó ẹlẹ́rìí; a kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kíníní ni ó wá tú wọn ká. Àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Àpọ́sítélì tí wọ́n ti Bírítéènì wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ń lò ó, ìjọ náà sì pín ní nǹkan bí ọdún 1940. Kíníní kò nílò ẹlẹ́rìí: ẹni tí ó bá ṣiyèméjì lè gbé e mì lọ́la kí ó sì wò ó. Ìwòsàn Òkè-Ooye kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti kọjá, ẹnu àwọn tí ó rí i nìkan ni ó kù. Lójú Babalọlá àti àwọn tirẹ̀, èyí kọ́ ni ìbéèrè náà. Ta ni a gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí ara kò dá, ni wọ́n ń béèrè.

Isaac Akínyẹlé wà lára àwọn tí ó bá Babalọlá lọ. Òun kan náà ni ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní ọdún 1911, tí ó sì jọba Ìbàdàn ní 1955. A ṣì ń ka ìwé rẹ̀, a sì ń gbà á gbọ́ lórí ogun àti oyè tí ojú ẹnikẹ́ni nínú wa kò tó.