Ẹgbẹ́ Olórin Ìdílé Kútì àti Ẹ̀wọ̀n Ìlú Bìní

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1986 ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì jáde kúrò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Bìní. Olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ̀lì ni Bìní nígbà náà, nítorí pé ọdún 1991 ni a tó dá ìpínlẹ̀ Ẹdó sílẹ̀. Fẹlá ti lo nǹkan bí ogún oṣù ní àhámọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Egypt 80, fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ kọrin ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n mú un ní Ìkẹjà. Wọ́n ní ó fẹ́ kó owó ilẹ̀ òkèèrè jáde lọ́nà tí kò bá òfin mu. Ìjọba ológun Bùhárí ni ó wà lórí oyè. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orin rẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣòro láti bá wọn jiyàn.

Ta ni yóò wá darí ẹgbẹ́? Bí baálé kò bá sí nílé, àrẹ̀mọ ni a ń wò lójú. Fẹ́mi, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, gbé sasofóònù rẹ̀, ó sì bọ́ síwájú. Òun ni ó ṣáájú ẹgbẹ́ náà ní Hollywood Bowl, ní ìlú Los Angeles, ní ọdún 1985. Nígbà kan náà, Bill Laswell ará Amẹ́ríkà ń tún àwo Army Arrangement ṣe láìsí Fẹlá níbẹ̀, ó sì fi ohùn èlò orin àwọn àjèjì kún un. Nígbà tí Fẹlá gbọ́ ọ, inú rẹ̀ kò dùn rárá.

Kì í ṣe Fẹlá ni ó kọ́kọ́ gbé orin ìdílé yìí sọdá òkun. Bàbá rẹ̀ àgbà, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ti kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ lọ ní ìrọ̀rùn. Lọ́dún tí baba jáde lẹ́wọ̀n ni Fẹ́mi dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Positive Force, sílẹ̀. Àwọn arábìnrin rẹ̀, Yẹni àti Ṣọlá, bá a lọ. Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ láàárín baba àti ọmọ, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Nígbà tí Fẹlá kú ní ọdún 1997, Ṣeun, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré, ni ó gba ìdarí Egypt 80. Ní ọdún 2021, Fẹ́mi àti ọmọ rẹ̀, Mádé, jùmọ̀ gbé àwo Legacy + jáde. Ní apá ti Mádé, òun nìkan ni ó lu ìlù, tí ó fun fèrè, tí ó sì ta gìtá.